Ọmọ Adìyẹ Márùn-ún Tí Mo Mú ní Ìgbẹmọ

Ẹ̀yin ọmọ mi, àti ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, ẹ má bínú sí mi pé n kì í jókòó pẹ́ mọ́. Bí mo bá jókòó sí pálọ̀, mo ó dìde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Bí mo bá dé ẹ̀yìnkùlé, mo ó tún padà wá sí pálọ̀, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan síbì kan tí kò sì mọ ohun tó gbàgbé. Adìyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí ìyá yín ti lọ. Ẹ ní kí n máa sinmi. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí n ti sọ fún un, ọ̀rọ̀ ọmọ adìyẹ ni, n kò sì sọ ọ́ títí ó fi kú. Ó kéré lójú, mo mọ̀. Òun gan-an ni kì í jẹ́ kí n rójú jókòó. Bí mo bá sọ ọ́ fún ẹ̀yin, bóyá ìdí mi yóò lè gba àga.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín fi ọkọ̀ gbé mi gba àdúgbò Adébáyọ̀ kọjá, mo sì rí páálí ọmọ adìyẹ níwájú ṣọ́ọ̀bù kan. Mo ní kó dúró. Mo sọ̀kalẹ̀, mo bi obìnrin tó ń tà wọ́n pé akọ mélòó ni, abo mélòó ni. Ó wò mí bí ẹni tí ń wo ará oko.

"Baba, abo ni gbogbo wọn. Wọ́n ti yà wọ́n kí wọ́n tó kó wọn wá."

"Ta ló yà wọ́n?"

"Àwọn tó fi ẹ̀rọ pa wọ́n ni."

"Kí ni wọ́n wò lára wọn?"

Kò mọ̀, kò sì dùn ún pé kò mọ̀. N kò bá a wí. Nígbà tiwa, ẹni tó bá lè mọ akọ yàtọ̀ sí abo kí ògbè tó yọ lórí ọmọ adìyẹ, ẹni iyì ni. Wọ́n á ránṣẹ́ pè é láti àdúgbò kan sí èkejì, bí wọ́n ṣe ń ránṣẹ́ pe agbẹ̀bí.

Ẹ kò bá Adó ìgbà náà. Ibi tí ẹ ń pè ní Fájuyì yìí, tí ọkọ̀ àti ọlọ́kadà ti ń du ọ̀nà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, orúkọ yẹn kò tí ì dé ibẹ̀, ariwo náà kò sì tí ì dé. Ohùn àkùkọ ló ń jí wa. Ọ̀kan yóò kọ láti ìsàlẹ̀ òkè, òmíràn yóò dá a lóhùn lẹ́yìn ilé wa, a ó sì máa gbọ́ ọ bí ó ti ń rìn yí ìlú ká bí ìròyìn. Lẹ́yìn náà ni ìgbálẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ lójúde. Bí oòrùn bá gòkè díẹ̀, àgbébọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé yóò máa pariwo bí ẹni tí wọ́n jà lólè, ìyá mi yóò sì dá a lóhùn láti ilé ìdáná pé, "A gbọ́, a gbọ́, ìwọ nìkan kọ́ ló ń bímọ." Lónìí, ilẹ̀ lè mọ́ kí n má gbọ́ àkùkọ kan. Jẹnẹrétọ̀ ni mò ń gbọ́.

Kò sí ilé tí kò ní adìyẹ, kò sì sí adìyẹ tí kò ní ilé. Àkísà pupa ni ìyá mi ń so mọ́ ẹsẹ̀ tiwa, ti aládùúgbò wa jẹ́ aró. Àwa ọmọ ni a ń lọ hú ikán fún òròmọdìyẹ. A ó fọ́ òkìtì ikán wẹ́wẹ́, a ó gbọn ọ́n sílẹ̀, ikán a sì ti jẹ wá níka kí adìyẹ tó jẹ ẹ́. Bí àwòdì bá yọ lókè, gbogbo obìnrin àdúgbò ni yóò ké mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà, àtẹni tó ń bá ẹnì kejì rẹ̀ jà àtẹni tí kò bá a jà. Ìjà tí àwòdì bá dá dúró bẹ́ẹ̀ kì í sábà bẹ̀rẹ̀ mọ́.

Kí ẹ tó máa rò pé mo mọ adìyẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọdún Udírókò kan fún yín. Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ìyá mi ní kí n mú ọ̀dọ́ àkùkọ kan nínú àgò kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n lè tètè pa á fún àlejò. Mo mú un. Bàbá mi pa á. Nígbà tí ìyá mi la inú rẹ̀, ẹyin ló bá níbẹ̀, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn láti ńlá dé kékeré bí ìlẹ̀kẹ̀, èyí tó tóbi jù ti ní èèpo. Kò nà mí. Ó kó àwọn ẹyin náà sínú àwo, ó gbé e síwájú mi, ó ní, "Jẹ àkùkọ rẹ." Ẹni tó bá bi mí pé ìgbà wo ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ náà ni.

Oríṣiríṣi ọ̀nà ni àwọn àgbà fi ń mọ̀ ọ́n. Àwọn kan ní ẹyin tó bá ṣe ṣoṣoro, akọ ló wà nínú rẹ̀, èyí tó bá ṣe roboto, abo ni. Àwọn mìíràn á di ọmọ adìyẹ mú lẹ́sẹ̀ méjèèjì, wọ́n á dorí rẹ̀ kodò. Bó bá gbé orí sókè, wọ́n ní abo ni. Ẹlòmíràn á kàn pàtẹ́wọ́ lójijì: èyí tó bá na ọrùn dúró, akọ, èyí tó bá lúgọ, abo. Gbogbo wọn ló ní ẹ̀rí, gbogbo wọn ló sì ní ọjọ́ tí ẹ̀rí náà já wọn kulẹ̀. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tí mo lọ, olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní iṣẹ́ àgbẹ̀ sọ pé èké ni gbogbo ìyẹn. Ó ní ìyẹ́ apá ni kí a nà wò, pé ti abo ń tètè gùn. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo sì fa ìlà sí i nídìí. Ohun tí kò sọ fún wa, tàbí tí ó sọ tí n kò gbọ́, ni pé irú adìyẹ kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà bá mu.

Mo tún ti dìde. Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ohun tí mò ń sọ.

Nígbà tí wọ́n ń sin ìyá mi wá sílé ọkọ, ìyá tirẹ̀ fi ọ̀dọ́ abo adìyẹ kan lé e lọ́wọ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà náà, kí ìyàwó má bàa wọ ilé ọkọ láìní ohun tí yóò máa bí síbẹ̀. Adìyẹ náà ní funfun àti dúdú lára bí ẹyẹ ẹtù, nítorí náà ẹlẹ́tù ni à ń pè é. Láti ara rẹ̀ ni gbogbo adìyẹ ilé wa ti jáde. Ìyá mi lè fúnni ní iṣu, ó lè fúnni ní epo, ṣùgbọ́n bó bá fún ọ ní ẹlẹ́tù, o ti di ẹbí rẹ̀.

Lọ́dún tí mo ń wí yìí, òmìnira kò tí ì dé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe tíṣà ní Adó, n kò sì tí ì gbéyàwó. Lúkúlúkú, àrùn tí ń pa adìyẹ, wọ ìlú. Adìyẹ á dúró sójú kan, á wọ́ apá nílẹ̀, ọrùn rẹ̀ á lọ́. Ó di ọjọ́ kejì kó kú. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àgò wa ṣófo. Ẹlẹ́tù kan ṣoṣo ló kù. Ìyá mi gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, ó fi lé awakọ̀ lọ́rì kan lọ́wọ́, ó ní kó gbé e fún ọ̀rẹ́ òun kan tó ń gbin ìrẹsì ní Ìgbẹmọ, kí ọ̀rẹ́ náà máa bá òun sìn ín.

Ẹ̀yin kò mọ sísìn bẹ́ẹ̀. Bí mo bá fún ọ ní adìyẹ mi sìn, èmi ni mo ni ìyá, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó bá pa, àárín wa ni. Kí ògbè tó yọ lórí wọn ni a gbọ́dọ̀ pín wọn, nítorí bí ògbè bá ti yọ, ojú ti là, ìjà dé. Ẹni tó sìn ni yóò pín wọn sí ọ̀nà méjì, ẹni tó ni ìyá ni yóò mú èyí tó wù ú. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń pín kì í lè rẹ́ni jẹ, nítorí kò mọ èyí tí wọn yóò fi sílẹ̀ fún un. Bí ọwọ́ rẹ bá sì ti kan apẹ̀rẹ̀ kan, ó ti di tìrẹ. A kì í dá a padà. A kì í sì í bẹ̀bẹ̀ fún ti ẹnì kejì.

Ẹlẹ́tù dé Ìgbẹmọ, ó rí ìyàngbò ìrẹsì jẹ, ó sanra. Àkùkọ pupa kan wà lágbo ilé ọ̀hún, ara àwọn àkùkọ òyìnbó tí ìjọba ń fún àwọn àgbẹ̀ kí adìyẹ wọn lè tóbi sí i. Ẹlẹ́tù sàba, ó pa mẹ́wàá. A ò tí ì yọ̀ tán tí wọ́n fi ránṣẹ́ pé ẹtà ti wọ àgò, ó gbé ìyá lọ, àwọn ọmọ nìkan ló kù, kí a wá pín wọn.

Ẹsẹ̀ ń dun ìyá mi nígbà náà. Èmi ló rán. Ìyá mi kò ka ìwé. "Ulé" ló ń pe ilé, "usu" ló ń pe iṣu, kò sì fi bò fún ẹnikẹ́ni.

Ó ní, "Abo ni kí o mú wá fún mi. Ìyá wọn ti kú. Bí o bá mú akọ wá, ẹlẹ́tù ti tán nínú ulé yìí nìyẹn."

Mo ní, "Ìyá, wọ́n kọ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì."

Ó ní, "Ó dáa. Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ni mò ń rán."

Ọjọ́ Sátidé ni mo lọ. Ọ̀rẹ́ ìyá mi ti lọ sí oko ìrẹsì. Ìyá rẹ̀, arúgbó kan tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, ni mo bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa òkúta lára ìrẹsì. Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ìbídùn, ìyá yín, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti rí i kẹ́yìn.

Ìyá Àgbà wò mí láti òkè délẹ̀. "Ṣé ìwọ ni tíṣà Adó? O rù. Wọn kì í fún yín lóúnjẹ ni?"

"Wọ́n ń fún wa, mà."

"Kí ló wá ń jẹ ẹ́ tán báyìí?"

"Ìwé ni, Ìyá Àgbà," Ìbídùn dáhùn, kò sì rẹ́rìn-ín.

Ó wọlé, ó gbé apẹ̀rẹ̀ méjì jáde, ó gbé wọn kalẹ̀ níwájú mi. Ó ti pín wọn. Nínú ọ̀kan, ọmọ adìyẹ márùn-ún ló wà, wọ́n dúdú láti orí dé ìdí. Nínú èkejì, márùn-ún ló wà níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n àmì funfun wà lórí ìkọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí wọ́n fi ìka kan ẹfun tọ́ lórí, funfun sì ti ń yọ láàárín dúdú níbi ìyẹ́ wọn. N kò rí irú ìpín bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tó bá ń pín máa ń po wọ́n pọ̀ ni.

Ìbídùn fi ẹsẹ̀ ti apẹ̀rẹ̀ àwọn dúdú sún mọ́ mi.

"Tíṣà, ẹ wo èyí dáadáa."

"Mo ti wò ó."

"Ẹ tún un wò."

Mo tún un wò. Ohun tí mo rí ni ọmọ àjèjì. Kò sí ohun kan lára wọn tó jọ adìyẹ ìyá mi. Àwọn tó ní àmì lórí ni wọ́n jọ ẹlẹ́tù bí ìmumu. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé, wò ó, wọ́n fẹ́ fi àwọn ọmọ àkùkọ òyìnbó tàn mí, kí irú tiwa lè kù sọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ fi ojú nìkan yàn. Mo mú ọ̀kan nínú àwọn alámì, mo na apá rẹ̀ lójú oòrùn bí olùkọ́ wa ti ṣe é. Ìyẹ́ náà gùn. Mo mi orí. Mo mú òmíràn, mo tún nà án. Mo rí i pé ìyá yín ń wo ọwọ́ mi, kò wo ojú mi rárá, inú mi sì dùn pé ó rí bí ẹni tó kàwé ṣe ń ṣe é.

Mo gbé ọwọ́ lé apẹ̀rẹ̀ àwọn alámì. "Èyí ni tiwa."

Ìyá Àgbà dáwọ́ dúró nínú ìrẹsì.

Ìbídùn bi mí pé, "Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú. Ìyẹn, ọwọ́ rẹ ló yẹ kó wà."

Ìgbéraga ni mo fi sọ ọ́. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé mo ti rí ohun tó fẹ́ ṣe. Ó tẹ orí ba, ó fa apẹ̀rẹ̀ àwọn dúdú mọ́ra pẹ̀lẹ́, ó sì pẹ́ kó tó gbójú sókè. Ìyá Àgbà ní, "Ìbídùn, dìde, lọ wá omi fún tíṣà." Láti ìgbà tí mo ti dé, ẹnikẹ́ni kò tí ì fi omi lọ̀ mí. Wọ́n fún mi lómi. Wọ́n se ìrẹsì tuntun, wọ́n fi ẹyin mẹ́ta lé e lórí, Ìyá Àgbà sì jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Mo rò pé bí àwọn ará Ìgbẹmọ ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tí wọn kò rí tàn jẹ ni.

Nínú lọ́rì, mo gbé apẹ̀rẹ̀ lé itan. Wọ́n ń han mí létí títí mo fi dé Adó. Ó yẹ kí n máa ronú nípa wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọbìnrin náà lára apẹ̀rẹ̀ ni mò ń rí. N kò sùn dáadáa lọ́sẹ̀ náà.

Ìyá mi yọ̀. Ó kó wọn sí aṣọ rẹ̀, ó ń wo orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ojú ìyá wọn rèé. Ọmọ mi, o ṣeun." Ó hú ikán fún wọn fúnra rẹ̀, àtòun àti ẹsẹ̀ tó ń dùn ún.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, mo wà lórí ẹní ní ìdájí, mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn ilé. Kò ì tíì já gaara. Ó dà bí ilẹ̀kùn tí a kò ta epo sí. Ọ̀dọ́ àkùkọ ló ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ. Mo dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Láti yàrá kejì ni mo ti gbọ́ ohùn ìyá mi, kò pariwo: "Ó di ọ̀kan."

Mo ní nínú mi pé ọ̀kan kò ba nǹkan jẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, òmíràn kọ. "Ó di méjì." Ìkẹta àti ìkẹrin kọ láàárọ̀ kan náà, wọ́n ń dá ara wọn lóhùn. Ìyá mi kò ka ìyẹn mọ́. Ó kù ọ̀kan. Ògbè èyí kéré, ìrìn rẹ̀ kò le. Ìyá mi ń yọ àgbàdo fún un lọ́tọ̀. Láràárọ̀ ni mo ń jí kí ìlú tó jí, tí mo ń dẹtí sílẹ̀, bí ọmọ ilé ìwé tó ń retí èsì ìdánwò. Ibi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ìṣirò, bí àkùkọ bá kọ nítòsí, ẹfun á bọ́ lọ́wọ́ mi.

Àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan ni. Ìyá mi ń wé gèlè, ó fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí tó kù gun orí ògiri, ó na ọrùn, ó kọ. Kò kọ́ ọ rárá. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló kọ ọ́ já. Ìyá mi tú gèlè rẹ̀, ó ká a sórí itan, ó jókòó.

Ó ní, "Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti dé."

Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ènìyàn lè kàwé kó fi tú ilé ìyá rẹ̀ ká.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ lọ́rì, ó lọ sí Ìgbẹmọ. Kò sọ ohun tó fẹ́ lọ ṣe. A kì í bẹ̀bẹ̀ fún ti ẹnì kejì, mo ti wí. Bóyá ó kàn fẹ́ lọ wo àwọn abo náà lójú ni. Ìrọ̀lẹ́ ló dé. Ó jókòó, ó bọ́ bàtà, ó ní kí n ti ilẹ̀kùn.

"Mo ti bá ọ rí ùyàwó," ó ní.

Mo rò pé oorun ọkọ̀ ló ń ṣe é.

"Mo ní mo ti bá ọ rí ùyàwó. Wọ́n ti ń retí wa láti ọjọ́ yìí. Arúgbó yẹn jó pàdé mi lójúde. Wọ́n ní ọmọbìnrin náà gbọ́ pé adìyẹ mi kú tán, ó wá kó gbogbo abo sójú kan kí o lè kó wọn wálé fún mi. Ó fi ẹsẹ̀ tì í sí ọ. Wọ́n ní o na apá wọn wò, o mọ̀ ọ́n dájú, o sì fi gbogbo abo sílẹ̀ fún un, o ní ọwọ́ rẹ̀ ló yẹ kó wà. Wọ́n ní ọkùnrin tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó tó fẹ́ni, kí ni kò ní ṣe bó bá fẹ́ni tán."

"Kí ni ẹ wá sọ fún wọn?"

"Kí ni kí n sọ? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn."

"Ìyá, irọ́ ni."

"Irọ́ báwo? Abo márùn-ún wà lọ́hùn-ún, akọ márùn-ún wà níbí. Wọ́n fojú rí i. Ṣé o fẹ́ ọmọ náà àbí o kò fẹ́ ẹ?"

Mo sọ fún un pé mo fẹ́ ẹ. Mo ti fẹ́ ẹ láti inú lọ́rì.

"Nígbà náà, dákẹ́."

Mo dákẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti dákẹ́.

Nígbà tí wọ́n sin ìyá yín wá, ó gbé ọ̀kan nínú àwọn abo dúdú náà dání. Ìyá mi gbà á, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó fi ọ̀kan nínú àwọn àkùkọ mi tì í, èyí tí a kò pa, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n. Nínú ọmọ tí adìyẹ dúdú yẹn kọ́kọ́ pa, ẹlẹ́tù wà níbẹ̀, akọ àti abo. Ohun tó sọnù lọ́wọ́ ilé méjèèjì, àfi ìgbà tí ilé méjèèjì di ọ̀kan kó tó padà wá. Ìyá mi kò tún dárúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì fún mi mọ́.

Mo ṣì gbọ́dọ̀ sọ bí mo ṣe mọ àṣírí àwọn alámì. Ìyá yín kò kọ́ mi. Ẹ̀yin ló ń kọ́, lẹ́yìnkùlé, nígbà tí ẹ wà ní kékeré: pé bí àkùkọ pupa bá gun ẹlẹ́tù, gbogbo ọmọ tó bá ní àmì funfun lórí, akọ ni, gbogbo èyí tó bá dúdú, abo ni, pé òun ti rí i lára adìyẹ aládùúgbò wọn lẹ́ẹ̀mejì kí n tó wá. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń gbọ́, bí olè. N kò lè jáde wá béèrè, nítorí ẹni tó ti mọ̀ ni mí.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń sọ ọ́ bí àlejò bá wá. "Tíṣà ti fún mi ní abo márùn-ún kó tó sọ pé òun fẹ́ràn mi." Àlejò á wò mí, á kan sáárá sí mi. Èmi á máa wo ilẹ̀, wọ́n á ní ìrẹ̀lẹ̀ ni. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, ojú ló ń tì mí. Nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dé, mo ní kí ọwọ́ mi dilẹ̀ ná. Nígbà tí ọwọ́ mi dilẹ̀, ó ti pẹ́ jù, mo ní kí ni ìwúlò rẹ̀. Nílé ìwòsàn, mo jókòó tì í lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo pè é, ó ṣíjú. Mo ti la ẹnu. Nọ́ọ̀sì wọlé, ó fẹ́ wo ara rẹ̀ bóyá ó gbóná. Nígbà tó jáde, Ìbídùn ti sùn.

Ìyẹn ló ń gbé mi dìde lórí àga. Mo ń rò ó pé mo fi àìmọ̀ mi gba ìfẹ́ obìnrin, mo sì jẹ́ kó gbé irọ́ náà wọ sàréè.

Ṣùgbọ́n láti àná ni mo ti ń ka ọdún. Kò sí ọdún kan tí adìyẹ kò pamọ nílé yìí. Ìyá yín ń ya wọ́n fún ara rẹ̀, ó ń ya wọ́n fún aládùúgbò, nígbà mìíràn iyèméjì á mú un, á gbé ọ̀kan sókè, á ránṣẹ́ pe obìnrin kan láti òdìkejì títì kó bá òun wò ó. Èmi á wà níbẹ̀, lórí àga, tí ìwé ìròyìn wà lọ́wọ́ mi. Kò fi ẹyọ kan lọ̀ mí rí.

Ní àkókò òjò èṣí, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, ọ̀kan nínú àwọn adìyẹ rẹ̀ pa méjìlá. Nígbà tí wọ́n tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, ó ń ya wọ́n, akọ sí apẹ̀rẹ̀ ọ̀tún, abo sí apẹ̀rẹ̀ òsì. N kò mọ ohun tó ṣe mí. Mo bẹ̀rẹ̀, mo mú ọ̀kan, mo na apá rẹ̀, mo wò ó títí. Mo ní, "Abo ni èyí."

Ó gbà á lọ́wọ́ mi. Kò wo orí rẹ̀, kò wo apá rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Tíṣà," ó ní, ó sì gbé e sáàárín àwọn akọ.